Abẹ́rẹ́ Wo Ló Ṣe É? Ìdáhùn fún Ìyá Kan ní Ìmọ̀tà

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi rèé. Mo gé e kúrú, mo sì yọ orúkọ kúrò níbẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá lọ́yà. Ìmọ̀tà ni mo ń gbé. Nígbà tí ọmọkùnrin mi pé oṣù mẹ́ta àbọ̀, mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní sẹ́ńtà ìjọba, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ara rẹ̀ gbóná, kò jẹ́ ká sùn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ tí ibà náà ò tíì lọ, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò wa, ó fún un ní abẹ́rẹ́ ibà. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò ti ta mọ́. Ó ti pé ọdún kan àti oṣù méjì báyìí, ẹsẹ̀ òsì nìkan ló fi ń dúró, ti ọ̀tún ti tín-ín-rín. Wọ́n ní ìjọba Amẹ́ríkà máa ń sanwó fún ọmọ tí àjẹsára bá ṣe ní jàǹbá. Ẹnì kan ní kí n mú ₦50,000 wá kí òun bá mi kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ṣé mo lè gba owó náà? Ṣé kí n pe sẹ́ńtà yẹn lẹ́jọ́? Ọkọ mi ní a ò gbọdọ̀ gba àjẹsára kankan fún un mọ́. Láti ìgbà yẹn la ò ti padà lọ."

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹ má fún ọkùnrin yẹn ní ₦50,000 o. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ti fún un ní díẹ̀, ẹ má fi kún un. Kò sí fọ́ọ̀mù tó lè kọ tí Amẹ́ríkà á fi sanwó fún ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ní Ìmọ̀tà. Màá sọ ìdí rẹ̀ tí mo bá débẹ̀.

Ìbéèrè méjì lẹ kọ, ti ọkọ yín ṣìkẹta, àmọ́ mo gbọ́ ìkẹrin tẹ́ ẹ ò kọ: ṣé èmi ni mo ṣe é, èmi tí mo gbé e lọ? Rárá, ẹ̀yin kọ́. Ẹ gbé ọmọ lọ gba àjẹsára lásìkò, ibà dé, ẹ wá ìtọ́jú. Ohun tí ìyá ń ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ irú ẹni tó ń dá yín lóhùn. Lọ́yà ni mí ní Ìkòròdú níbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fún ọdún mọ́kànlá kí n tó lọ kọ́ òfin, ìdí nìyẹn tí irú lẹ́tà báyìí fi máa ń wá ilé mi. Mi ò kì í ṣe dókítà. N ò sì rí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ohun tí mo bá sọ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, ẹ gbé e dé iwájú dókítà kẹ́ ẹ tó gbà á.

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dùn lẹ́nu, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e dé kóòtù, adájọ́ á bi yín pé: ta ló rí àjẹ́ náà? Ṣé ẹyẹ kọ́ ló ké? Ohun tí mo sì kọ́kọ́ rí nínú lẹ́tà yín ni pé àjẹ́ méjì ló ké lọ́sẹ̀ yẹn. Ọ̀kan ké lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èkejì ké lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ti Ìṣẹ́gun nìkan ni gbogbo ilé gbọ́, nítorí òun ni ariwo rẹ̀ ti wà ní àdúgbò tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ ní Nàìjíríà kì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀kan ni penta, tó ń gbógun ti àìsàn márùn-ún, ikọ́ àwúbì wà lára wọn. Itan òsì ni wọ́n ń gún un sí, lápá iwájú tó sún mọ́ ẹ̀gbẹ́. Èkejì ni ti òtútù àyà, itan ọ̀tún ni tiẹ̀. Ti rọparọsẹ̀ tí wọ́n ń gún tún wà níbẹ̀, àti èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí èyí tí wọ́n ń gún sí ìdí. Kì í ṣe ọ̀ràn àṣà lásán o. Iṣan ńlá kan wà tó ti ẹ̀yìn bọ̀, tó gba inú ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀, sciatic ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìdí ọmọ jòjòló ò ní ẹran púpọ̀ tó lè bo iṣan náà, ìyẹn ni wọ́n fi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára kúrò níbẹ̀, tí wọ́n gbé e lọ sí itan.

Ibà alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ńkọ́? Ibà yẹn, àjẹsára lè fà á lóòótọ́. Èròjà ikọ́ àwúbì inú penta ló sábà máa ń mú ara ọmọ gbóná, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ló máa ń wá, tí á sì lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Tí wọn ò bá sọ ọ́, wọn ò ṣe dáadáa. Ibà yẹn kọ́ ló sọ ẹsẹ̀ di rírọ, àmọ́ òun ló gbé yín dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àdúgbò. Ẹ̀yin náà rí i: ọ̀kan ló bí èkejì, àmọ́ wọn kì í ṣe ohun kan náà, òfin ò sì ní kà wọ́n sí ọ̀kan.

Ẹ ò kọ ibi tí nọ́ọ̀sì àdúgbò gún ọmọ sí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá lóhùn kó tó di pé à ń sọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Ṣé ìdí ni? Ṣé ìdí ọ̀tún? Ṣé ọmọ náà figbe ta lójú ẹsẹ̀, tí igbe náà yàtọ̀ sí ti abẹ́rẹ́ lásán? Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ rí i pé ẹsẹ̀ ò ta mọ́, ṣé ọjọ́ yẹn náà ni àbí ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀? Nígbà tí mo ṣì ń wọ aṣọ funfun, mo rí ọmọ bíi tiyín tó pọ̀. Ìyá á wọlé, á ní "àjẹsára ló ṣe é." A ó gbé ọmọ náà dojú délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, a ó bọ́ pátá rẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ á sì wà níbẹ̀ ní ìdí, nígbà mìíràn ibẹ̀ á ti le bí ekuro. Matron kan tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń yọ kọ́kọ́rọ́ àpò rẹ̀, á fi imú rẹ̀ ha àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ díẹ̀. Tó bá ha ti òsì, ọmọ á fa ẹsẹ̀ náà wọlé, á fajú ro. Tó bá ha ti ọ̀tún, ọmọ á máa wò ó bí ẹni ń wo agbowó orí. Ẹsẹ̀ náà ò ní mì, àtẹ́lẹsẹ̀ á kàn rọ̀ wálẹ̀ ni. Matron ò ní sọ̀rọ̀, á nu kọ́kọ́rọ́ náà, á lọ pe dókítà.

Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́rẹ́ náà lè ti gún iṣan yẹn gan-an, tàbí kí oògùn tó tú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jó o. Oògùn ibà, àti parasítámọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gún, wà lára àwọn tó máa ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Tiwa ni pé a ò gbà pé wọ́n tọ́jú ibà bí ẹnikẹ́ni ò bá fa abẹ́rẹ́ yọ. Ìyá á sanwó, wọ́n á fún un ní síróòpù, á ní wọ́n fi òun ṣeré. Mo ti bá ìyá jà lórí rẹ̀ rí, òun ló sì borí, nítorí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Síbẹ̀, n ò fẹ́ kẹ́ ẹ fo láti orí àjẹ́ kan sórí èkejì. Ọ̀nà kẹta wà tí dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Àjẹsára rọparọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ẹnu, kòkòrò rọparọsẹ̀ tó wà láàyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń sọ ẹsẹ̀ ọmọ tó gbà á di rírọ. Ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò ni nǹkan bí ọmọ kan nínú mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin tó gba ìkán àkọ́kọ́, láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí ọgbọ̀n ló sì sábà máa ń hàn. Ti rọparọsẹ̀, ọmọ á ṣì máa mọ̀ tí ẹ bá ha àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, agbára ló lọ, ìmọ̀lára ò lọ. Ti abẹ́rẹ́ ìdí, méjèèjì lè lọ. Àìsàn mìíràn wà tó ń jẹ́ Guillain-Barré, òun kì í sábà mú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń mú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yín wà níbí. Ní Nàìjíríà, ọmọ èyíkéyìí tí kò tíì pé ọdún márùndínlógún, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣàdédé rọ, ó yẹ kí wọ́n fi tó òṣìṣẹ́ tó ń tọpa àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ létí. Wọ́n á gba ìgbẹ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí mẹ́rìnlélógún láàárín, kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó kọjá lórí rírọ náà, wọ́n á gbé e lọ fún àyẹ̀wò, irú èyí tó wà ní Ìbàdàn. Ọ̀fẹ́ ni. Iṣẹ́ yẹn ló mú kí wọ́n lè kéde lóṣù kẹjọ ọdún 2020 pé kòkòrò rọparọsẹ̀ ti inú igbó, èyí tí kì í ṣe ti inú àjẹsára, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, wọn ò sì tíì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó rí ọmọ yín lóṣù àkọ́kọ́ bá pe òṣìṣẹ́ yẹn, ìwé àyẹ̀wò ìgbẹ́ náà ni ì bá jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ yín lónìí. Àkókò ìgbẹ́ ti kọjá. Ẹ ṣì lọ sọ fún wọn, torí dókítà wọn ṣì lè wo ẹsẹ̀ náà, kó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ó yá, owó Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni pé ó wà. Ní bíi ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn òbí níbẹ̀ ń pe àwọn tó ń ṣe àjẹsára lẹ́jọ́, pàápàá lórí ikọ́ àwúbì, débi pé àwọn ilé iṣẹ́ kan dáwọ́ ṣíṣe é dúró. Ìjọba ibẹ̀ wá ṣe òfin ní 1986, ètò owó gbà-máà-bínú náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Sẹ́ǹtì márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n ń yọ lórí àìsàn kọ̀ọ̀kan tí ẹyọ abẹ́rẹ́ kan bá ń gbógun tì, inú àpò yẹn ni owó ti ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ gbowó kò ní láti fi hàn pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe. Òwe àjẹ́ àná yẹn ni wọ́n sọ di òfin, fún àìsàn díẹ̀ tí wọ́n kọ sínú tábìlì kan, àti fún iye ọjọ́ tí wọ́n dá. Bí àpẹẹrẹ, tí Guillain-Barré bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méjìlélógójì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ òtútù (flu) wọn, òfin á gbà pé abẹ́rẹ́ ló fà á, àfi bí ìjọba bá fi ẹ̀rí hàn pé nǹkan mìíràn ni. Tó bá jẹ́ ìrora èjìká, wákàtí méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n fún un. Owó ìrora nìkan ò lè kọjá $250,000, ọdún mẹ́ta sì ni wọ́n fún èèyàn láti kọ̀wé, látọjọ́ tí àmì àkọ́kọ́ hàn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún ní Amẹ́ríkà lètò náà wà fún, àyàfi ẹni bíi sójà wọn àti ìdílé rẹ̀ tí wọ́n gún nílẹ̀ òkèèrè. Sẹ́ńtà Ìmọ̀tà ò sí níbẹ̀.

Níbẹ̀ pàápàá, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lọ ló ń gbà. Ní 2009, wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ọmọ mẹ́ta tí àwọn òbí wọn ní àjẹsára ló fa autism, ìyẹn ipò ọpọlọ tó máa ń mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe nira fún ọmọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pàdánù. Ọ̀rọ̀ àwọn tí gìrì ń mú lẹ́yìn àjẹsára náà ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ní 2006, àwọn dókítà kan yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́rìnlá wò, tí wọ́n ti ń sọ pé àjẹsára ikọ́ àwúbì ló ba ọpọlọ wọn jẹ́. Mọ́kànlá nínú wọn ló ní àbùkù kan tí wọ́n bí mọ́ wọn, tó máa ń fa gìrì. Ibà lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kàn lè ṣí ilẹ̀kùn tó ti wà níbẹ̀ ni. Ìlú òyìnbó náà ní tiwọn láti 1979, £120,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àmọ́ jàǹbá náà gbọ́dọ̀ tó ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ara.

Nàìjíríà ò ní irú rẹ̀ fún àjẹsára ọmọdé. Èyí tó tíì sún mọ́ ọn jù ni ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2021 fún abẹ́rẹ́ kòrónà tó gba ọ̀nà COVAX, ètò àgbáyé tó pín abẹ́rẹ́ náà, wá sí orílẹ̀-èdè méjìléláàádọ́rùn-ún, tiwa wà lára wọn. Kòrónà nìkan ló sì wà fún. Lójú tèmi, ó burú. Ìjọba tó bá ní kí gbogbo ọmọ gba abẹ́rẹ́ fún àǹfààní gbogbo ìlú, ó yẹ kó ní àpò kan fún ẹyọ ọmọ tí ó bá ṣe ní jàǹbá lóòótọ́, kí ìyá má bàa máa rìn láàárín lọ́yà àti oníjìbìtì. Wọ́n á ti sọ ti Kano fún yín pẹ̀lú, ti Pfizer, ilé iṣẹ́ oògùn Amẹ́ríkà. Ìyẹn kì í ṣe àjẹsára. Oògùn Trovan ni wọ́n dán wò lára àwọn ọmọ tó ní àrùn yírùnyírùn ní 1996. Ọdún 2009 ni ilé iṣẹ́ náà àti ìjọba Kano tó ṣe àdéhùn mílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́rin dọ́là, 2011 ni àwọn ìdílé àkọ́kọ́ tó gba tiwọn. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín rẹ̀.

Ṣé kẹ́ ẹ wá pe sẹ́ńtà lẹ́jọ́? Nǹkan mẹ́ta lẹ máa fi hàn adájọ́: pé wọ́n jẹ yín ní ìtọ́jú tó péye, pé wọ́n kùnà rẹ̀, àti pé ìkùnà yẹn gan-an ló ba ẹsẹ̀ náà jẹ́. Àkọ́kọ́ rọrùn. Lórí èkejì, òṣùwọ̀n ilé ẹjọ́ ni ohun tí nọ́ọ̀sì mìíràn tó mọṣẹ́ ì bá ṣe nírú ipò yẹn. Tí wọ́n bá gún itan bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ni wọ́n kùnà? Ẹ̀kẹta ló máa ń gbé ẹjọ́ ṣubú. Ní 2006, Kóòtù Gíga Jù Lọ wa dá ẹjọ́ Ojo àti Gharoro. Obìnrin kan ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ègé abẹ́rẹ́ sì ṣẹ́ kù sí i nínú. Ẹ̀yin náà á rò pé ẹjọ́ ti parí nìyẹn, abẹ́rẹ́ wà nínú ikùn. Obìnrin náà pàdánù. Kò mú dókítà kankan wá jẹ́rìí fún un, àwọn tó pè lẹ́jọ́ sì ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Tẹ́ni tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ bá lè pàdánù, ẹ ro ti ẹni tí kò mọ abẹ́rẹ́ tó ṣe é.

Àkókò tún wà níbẹ̀. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré ló fún ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́, oṣù mẹ́wàá sì ti kọjá lórí tiyín. Àríyànjiyàn wà tí lọ́yà lè fi yí i po, nítorí ọmọdé ni, àti nítorí pé jàǹbá náà ò tíì dúró. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì lo ọdún méjì lórí ìyẹn nìkan ká tó kan ẹsẹ̀ tàbí apá ẹnikẹ́ni. Bí ohun tí mo rò nípa abẹ́rẹ́ Ọjọ́bọ̀ bá jẹ́ òótọ́, ẹjọ́ sẹ́ńtà ò sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá. N ò ní gbà á lọ́wọ́ yín.

Nọ́ọ̀sì àdúgbò ló wá kù, mo sì mọ̀ pé ibí ló ti le fún yín, torí ó lè jẹ́ òun ló gbẹ̀bí ọmọ kejì nínú ọgbà yín, kí ẹ sì jọ máa pàdé lọ́nà ọjà. Òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba níbi tó ti gún ọmọ yín, òfin oṣù mẹ́ta ò bò ó. Ọdún mẹ́ta lòfin Èkó fún ẹjọ́ ìpalára ara. Òfin máa ń ro ti ọmọdé mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má gbára lé e, ẹlẹ́rìí a máa kó lọ, èèyàn a sì máa gbàgbé. Ẹ̀yin òbí lẹ máa pe ẹjọ́ náà lórúkọ ọmọ, High Court tó wà ní Ìkòròdú sì lè gbọ́ ọ. Àmọ́ ẹ bi ara yín: ṣé nọ́ọ̀sì tó gbàwé ẹ̀rí ni, àbí ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà kan tó wá gbé báàgì? Ṣé ilé ìwòsàn aládàáni kan ló ń ṣiṣẹ́ fún? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ilé ìwòsàn náà lè dáhùn fún un. Tó bá jẹ́ inú pálọ̀ rẹ̀ ló ti gún ọmọ, òun nìkan ni, adájọ́ sì lè ní kó san mílíọ̀nù márùn-ún, kí gbogbo ohun tó ní má ju fìríìjì kan àti àga mẹ́rin lọ.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ gbé e lọ sí tèṣọ́n. Ọlọ́pàá lè tì í mọ́lé lálẹ́ kan, ẹ̀rù á bà á, àmọ́ ọ̀ràn ìjọba àti ọ̀ràn owó yàtọ̀ síra. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti dá a. Dókítà Akerele, ọmọ Yorùbá, gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ lápá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, àwọn kan nínú wọn sì kú. Wọ́n dá a lẹ́bi ìpànìyàn. Ní 1943, ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fagi lé e: wọ́n ní ká tó sọ àìkíyèsára di ọ̀daràn, ó gbọ́dọ̀ burú kọjá àṣìṣe ẹlẹ́ẹ̀kan. Ìgbìmọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in. Wọn kì í sanwó.

Ohun tí èmi á ṣe tí mo bá wà ní ipò yín, ilé ìlàjà ìjọba Èkó, Citizens' Mediation Centre, ni mo máa kọ́kọ́ lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á kọ̀wé pè é, ẹ ó jókòó, wọ́n á kọ àdéhùn sílẹ̀. Ìyá kan tí mo tẹ̀ lé lọ nírú ọ̀rọ̀ yìí ò gba mílíọ̀nù, owó físíò ọdún kan àti owó bàtà ló gbà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń san án, àmọ́ ó rí i gbà. Tí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, Office of the Public Defender ti Èkó àti Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Ìwé ni gbogbo rẹ̀ wà lórí. Káàdì àjẹsára ọmọ náà, níbo ló wà? Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú nylon, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ lónìí. Ẹjọ́ kan wà tí mo pàdánù nítorí pé òjò rọ sórí káàdì, a ò lè ka déètì mọ́, sẹ́ńtà náà sì ní ìwé àkọsílẹ̀ ọdún yẹn ti sọnù. Ẹ wo inú fóònù yín fún fídíò tí ọmọ ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó dé, bẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́ sí màmá yín lórí WhatsApp rí, ó ṣì lè ní in. Fídíò bẹ́ẹ̀ ló ń sọ pé wọn ò bí i mọ́ ọn. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí kí nọ́ọ̀sì àdúgbò tó mọ̀ pé ẹ ń wá nǹkan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù irú oògùn tó gún, torí dókítà nílò rẹ̀. Rìsíìtì ọkọ̀, rìsíìtì oògùn, ẹ má sọ ọ́ nù. Owó tẹ́ ẹ bá ti ná, adájọ́ ò ní fún yín padà láìsí ìwé. Ẹ sọ fún sẹ́ńtà pé ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ fọ́ọ̀mù ìṣẹ̀lẹ̀ lẹ́yìn àjẹsára fún ọmọ náà, bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ fura sí abẹ́rẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ sì lè fi tó NAFDAC létí lórí áàpù Med Safety. Kò ní mówó wá, àmọ́ ó máa jẹ́ kí wọ́n wo nọ́ńbà ìgò tí wọ́n fi gún un, àti báwọn ọmọ tó kù lọ́jọ́ yẹn ṣe wà.

Kó tó di gbogbo ìyẹn, ẹ gbé ọmọ lọ sí Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tí wọ́n bá rí i pé ó yẹ. Ìdánwò kan wà tí wọ́n fi ń wo bí iṣẹ́ ṣe ń gba inú iṣan kọjá, òun lè sọ ibi tí iṣan ti bàjẹ́. Tó bá jẹ́ ìdí ló ti bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ti yé. Iṣan máa ń hù padà bíi mìlímítà kan lójúmọ́, àmọ́ kì í hù títí láé, ẹran ẹsẹ̀ ò sì ní dúró dè é. Oṣù mẹ́wàá ti lọ. Ó ṣeé ṣe kó má padà sí bó ṣe wà, n ò ní tàn yín. Físíò, àti ohun ìdìmọ́ tí kò ní jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ máa rọ̀ wálẹ̀, ṣì lè mú kó rìn. Ẹ dáwọ́ ewé gbígbóná àti fífa ẹsẹ̀ dúró. Ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ bí nǹkan bá gbóná, ó lè jó kí ọmọ má sunkún.

Ti ọkọ yín ló kù. Ẹ bá mi kí i, ẹ sọ fún un pé mo gbọ́ ìbẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ náà ti fo àjẹsára ìgbóná (measles) àti ibà pọ́njú tí ó yẹ kó gbà ní oṣù mẹ́sàn-án. Ìgbóná fúnra rẹ̀ máa ń mú ọpọlọ wú lára bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ̀rún tó bá mú, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti rọ ò sì yẹ kó fi ọpọlọ kún un. Kí òun fúnra rẹ̀ gbé ọmọ lọ. Kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fa oògùn. Apá ni wọ́n ń gún ti ìgbóná sí. Kó dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi kọ ọ́ sínú káàdì, tí ibà bá sì dé lẹ́yìn rẹ̀, síróòpù ni kẹ́ ẹ fún un.